Gbólóhùn Tí Àwọn Ọmọ Kíláàsì Rẹ Kò Parí

Ayétòrò,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn òjò.

Rónkẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ tèmi,

Kí o tó ka ìwé yìí dé ibì kankan, kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí ẹni tó kú, kò sì sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá ti rí i pé ìwé náà nípọn, wàá ti jókòó, wàá ti gbé ọwọ́ lé àyà. Ara wa le dáadáa, àfi orúnkún mi kan tó ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló dàgbà nínú ilé yìí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun.

Ìbá wù mí kí n pè ọ́, ṣùgbọ́n fóònù rẹ níbẹ̀ yẹn, nẹ́tíwọ̀kì àwọn ará òdìkejì bọ́dà ló sábà máa ń gbà, káàdì mi a sì tán kí n tó kí ọ tán. Wíwá náà kò rọrùn. Látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, epo kì í dé ọ̀dọ̀ yín bó ṣe yẹ, àwọn ọlọ́kadà sì ń pe iye tó bá wù wọ́n. Ìyá tó ń kó gààrí lọ sí ọ̀nà Ìpókíá ni mo bẹ̀ pé kó bá mi gbé ìwé yìí dé Ifọ́nyìntẹ̀dó. Ó ní òun á fi ọwọ́ ara òun gbé e fún ọ, nítorí náà, kí i dáadáa.

Ìbéèrè tí o bi mí ni mo fẹ́ dáhùn. O ní piríńsípà yín wọ kíláàsì rẹ nígbà tí o ń kọ́ wọn ní awẹ́ gbólóhùn, ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní clause, o ní kò sí ọmọ kan tó lè dáhùn, àti pé lẹ́yìn ìyẹn ó pè ọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun á tún wá kí táàmù yìí tó parí, bí òun bá sì tún bá wọn bẹ́ẹ̀, òun á gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ, òun ò sì ní fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Délé ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún ọ pé àyè ṣí sílẹ̀ ní Ìbeṣe, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó símẹ́ǹtì, kí o tètè fèsì. O wá bi mí pé, "Màmá, kí n dúró ni, àbí kí n lọ?" Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó.

Mo ti rò ó. Mo rò ó síwájú, mo rò ó sẹ́yìn, bí mo sì ṣe ń rò ó ló ń lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá rẹ kò tilẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ó ní, "Jẹ́ kí ọmọ náà máa lọ sí Ìbeṣe, ibẹ̀ ni ọjọ́ iwájú wà." Nígbà tó ti oko dé, ó ní, "Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ yẹn bí gbogbo tíṣà bá ń sá?" Mo bi í pé èwo ni ká mú nínú méjèèjì. Ó ní òun ti sọ tòun. Báyìí la ṣe wà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti gírámà, nítorí òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O ní ìwọ fúnra rẹ kò mọ̀ bóyá ó yé ọ mọ́. Má jẹ́ kí ìyẹn bà ọ́ lẹ́rù. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gẹ̀ẹ́sì ní Ìgbógìlà títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò yé mi fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo wà ní ilé ìwé. Tíṣà wa kọ gbólóhùn mẹ́ta sí pátákó lọ́jọ́ kan. Àkọ́kọ́ ni "I know when he came." Ìkejì ni "The day when he came was wet." Ìkẹta ni "I was cooking when he came." Ó fa ìlà sábẹ́ "when he came" nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ká sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò. Èmi, ojú mi là, mo nawọ́. Mo ní orúkọ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́, ṣebí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Tíṣà ní rárá o. Ó ní ti àkọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ti ìkejì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ti ìkẹta sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Mo rò pé ó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo délé, mi ò lè jẹun.

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo fẹ́ bàbá rẹ ló tó yé mi dénú. Tó bá wà lóko, àgbẹ̀ ni. Tó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, kátíkíìsì ni, gbogbo ìjọ ń dìde fún un. Tó bá wọ ilé mi, ọkọ mi ni, kò sì mọ ibi tí ṣíbí wà. Ẹnì kan náà ni, ìrísí rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí àti iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ la fi ń pè é. Awẹ́ gbólóhùn náà nìyẹn. Má wo ojú rẹ̀ kí o tó sọ ọ́ lórúkọ, wo iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kìíní: kí wọ́n tó dárúkọ ohunkóhun, jẹ́ kí àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀-ìṣe. Ibi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní olùwà tirẹ̀, kò sí awẹ́ gbólóhùn níbẹ̀, bó ti wù kí ó gùn tó. "In the early hours of the morning" gùn, àpólà lásán ni. "Before he woke" kúrú, awẹ́ gbólóhùn ni, nítorí ẹnì kan ń ṣe nǹkan nínú rẹ̀.

Ìkejì, jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó lè dá dúró àti èyí tí kò lè dá dúró. Àwọn tó kọ gírámà Yorùbá fún wa ti bá wa sọ wọ́n lórúkọ tó dára. Wọ́n pe ọ̀kan ní olórí awẹ́ gbólóhùn, wọ́n pe èkejì ní afarahẹ. Bó o bá sọ ọ́ ní èdè wọn fún wọn lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó máa pa ọ́. Èyí tó fara hẹ kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó kàn ń wá ẹni tí yóò fara tì ni.

Ìkẹta ni ti iṣẹ́ tí mo ti sọ. Ìkẹrin, má ṣe gbé pàṣán wọ kíláàsì gírámà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lára pàṣán kò lè wá ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ̀ lé e, òun gan-an ni mo rò pé yóò gbà ọ́, kí n tó wá rí i pé kò bá tìrẹ mu. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìgbógìlà, tí mo kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, mo kọ́ kíláàsì mi ní olórí awẹ́ gbólóhùn ní ọjọ́ Ajé, mo sì kọ́ wọn ní afarahẹ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo múra sí i, mo ya àwòrán, ohùn mi há. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo fún wọn ní ìdánwò, ojú mi rí nǹkan. Ìdajì wọn ń kọ kìkì gbólóhùn kékeré tó dá dúró, "The goat ran. The woman shouted." Wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ "because". Ìdajì yòókù ń kọ "Because the goat ran away", wọ́n á sì fi àmì ìdánudúró sí i, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹnì kan tó lè so méjèèjì pọ̀. Mo rò pé ayé ti fẹ́ yí mi lórí. Kí ló dé tí ìmọ̀ mi fi là sí méjì láàárín yàrá kan?

Ọjọ́ tí mo lọ ra ata ní ìsinmi ọ̀sán ni mo rí ìdáhùn. Ọjọ́ ọjà ni. Mo bá ìdajì kíláàsì mi nídìí igbá gààrí àti ẹ̀fọ́, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń kí mi tayọ̀tayọ̀, ojú kò tì wọ́n rárá. Ọmọbìnrin kan ní, "Mà, èmi ló kàn lónìí. Kẹ́hìndé ló kàn lọ́jọ́sí, èmi ni mo wá sí kíláàsì." Ọrún-ọrún ni wọ́n ń ná ọjà náà. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ó tún ń bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Inú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti pín in láàárín àwọn ọmọ, kí ẹnì kan bá ìyá ná ọjà kí ẹnì kejì wá sí ilé ìwé. Mi ò mọ̀. Mo ti kọ́ àwọn kan ní orí, mo kọ́ àwọn kan ní ìrù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ọmọ ọjọ́ Ajé, mo mú ọmọ ọjọ́ Ẹtì, mo fi wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, mo ní kí oníkálùkù fún èkejì ní tirẹ̀. Ọ̀kan á ní "The woman shouted", èkejì á ní "because the goat ran away". Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Mo ti fẹ́ sọ pé kí ìwọ náà lọ wo ọjọ́ ọjà. Mo ti gbé bírò lé e. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí o sọ, pé láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, ọjà ọ̀dọ̀ yín kò ní èrò mọ́, kò sí ohun tí ọmọ kankan fẹ́ lọ tà, gbogbo wọn ló ń wá sí kíláàsì lójoojúmọ́ títí bẹ́ǹṣì kò fi tó. Oògùn tó wo tèmi kò bá àìsàn rẹ mu rárá. Mo ju bírò sílẹ̀, mo lọ bu omi mu. Mo bínú sí ìrírí mi, nítorí mo rò pé ó yẹ kó wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, bí o ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi gẹ́lẹ́. O ní ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, o kọ "If it rains," sí pátákó, o ní kí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n sì ń dáhùn wàràwàrà títí o fi ní kí wọ́n dákẹ́. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ tí piríńsípà wá, o fẹ́ kó rí i pé àwọn ọmọ rẹ mọ nǹkan, o wá lo ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. O kọ "If the border does not open," sí pátákó, o ní kí wọ́n wá olórí rẹ̀ fún un. O pe Sídíkátù, èyí tí o ní òun ló mọ̀wé jù, tí ìyá rẹ̀ ń ṣòwò lọ́hùn-ún, tí kò tíì lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń gbé. Ó dìde, ó kà á ketekete, ó dé ibi kọ́mà, ó dúró. O ní, "Máa bá a lọ." Ó ń wolẹ̀. O pe ẹlòmíràn, òun náà dé ibi kọ́mà, ó dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "If the border does not open, it is closed," kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. O ní piríńsípà mi orí, ó jáde.

O ní, "Màmá, wọn ò mọ nǹkan kan." Èmi kò lè gbà á bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ìdí. Ọmọ tó parí "If it rains" lánàá, báwo ló ṣe gbàgbé lónìí? Irú gbólóhùn kan náà ni. Afarahẹ kan náà, kọ́mà kan náà, "if" kan náà. Mo kọ méjèèjì sórí ìwé, mo tẹ́ wọn síwájú ara mi lórí tábìlì, mò ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo iṣu méjì tí ọ̀kan jinná tí ọ̀kan ò jinná nínú ìkòkò kan. Bàbá rẹ kọjá, ó ní, "Bóyá wọ́n kàn ń bẹ̀rù piríńsípà ni." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù máa ń gbìyànjú, á ní nǹkan tí kò tọ̀nà. Àwọn wọ̀nyí kò gbìyànjú rárá.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Ìyá Wàsíù fi wọlé láti yá odó. O mọ̀ ọ́n, aládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ kó èrò lọ sí ọ̀nà Kétu lódìkejì bọ́dà. Ọkọ rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Orí mi kún fún gírámà, mi ò ro ìyẹn. Mo ní, "Ìyá Wàsíù, jọ̀ọ́, bá mi parí gbólóhùn kan. Bí bọ́dà kò bá ṣí..."

Ó gbé odó sílẹ̀. Ó ta ìka rẹ̀ kọjá orí, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Màmá, ẹ má fi ẹnu yín pè é."

Mo ní, "Má bínú, gírámà ni. Rónkẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ."

Ó ní, "Gírámà kọ́ ló wà lẹ́yìn bọ́dà, Màmá. Ọkọ mi ni."

Ó gbé odó, ó lọ. Ó kí mi nígbà tó ń lọ, ṣùgbọ́n ìkíni náà tutù. Mo sì jókòó síbẹ̀, ojú ń tì mí níwájú tábìlì tí kò sí ẹlòmíràn nídìí rẹ̀.

Rónkẹ́, nínú ilé wa níbí, ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ ibi parí? Nígbà tí ara ìyá àgbà kò yá, gbogbo wa ń sọ pé "bó bá wá lọ di pé...", ọ̀rọ̀ á dúró síbẹ̀, ẹnì kan á ní kí Ọlọ́run ṣàánú, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó yé gbogbo wa. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ ìwọ náà. Bí o bá lanu parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kékeré, èmi fúnra mi ni n ó fi ọwọ́ bò ọ́ lẹ́nu. Òjò kì í ṣe ibi, ẹnikẹ́ni lè parí òjò. Ṣùgbọ́n o mú ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà lódìkejì, o dá a dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ àti níwájú àlejò, o ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀nà ìyá rẹ̀ kò bá ṣí. Kí lo fẹ́ kó sọ? Àwọn yòókù tí wọ́n ní bàbá, ẹ̀gbọ́n, tàbí oko lọ́hùn-ún ńkọ́? Mo rò pé wọ́n mọ olórí awẹ́ gbólóhùn náà. Wọn kò fẹ́ pè é wá ni.

Mi ò bá ọ wí. Èmi tí mo dàgbà sínú àṣà yìí, mo ṣe ohun kan náà sí Ìyá Wàsíù ní ilé ara mi. Ó dùn mí nítorí rẹ̀, ó sì dùn mí nítorí Sídíkátù tí mi ò mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n má gbà mí gbọ́ tán o. Mo fẹ́ràn rẹ, ìyá ọmọ kì í sì í ṣe adájọ́ tó dára. Ó lè jẹ́ pé mo ń wá àwáwí fún ọ ni. Ó sì lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò yé wọn, pé "If it rains" tí wọ́n dáhùn, wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà kan tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ohun tí mo rí jẹ́ òótọ́ ní àárọ̀, ní ọ̀sán mo ní àlá lásán ni. Nítorí náà, dán an wò. Ìkarùn-ún nìyí, àbí ìkẹfà, mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ní ọjọ́ Ajé, kọ "When the border opens," sí pátákó. Má ṣàlàyé. Má pe Sídíkátù, jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ nawọ́ nawọ́. Afarahẹ ni òun náà, òun náà kò lè dá dúró, bó bá sì ṣe pé gírámà ló ń dà wọ́n láàmú, yóò dà wọ́n láàmú níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọwọ́ bá lọ sókè, wàá mọ̀ pé o ti kọ́ wọn dáadáa, wàá sì lè fi ìgboyà pe piríńsípà náà pé kó wá gbọ́. Bí ọwọ́ kankan kò bá lọ sókè, a jẹ́ pé irọ́ ni mo pa, ẹ padà sídìí ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ẹ rọra máa wá a.

Ṣùgbọ́n kí o tó dé ibi pátákó rárá, wá Sídíkátù rí níta. Má bẹ̀ ẹ́ ní àbẹ̀jù, ẹ̀rù á bà á. Kàn bi í pé, "Ṣé àlàáfíà ni Màmá wà lọ́hùn-ún?" Kó rí i pé o mọ̀ pé ó ní ìyá.

Mo mọ̀ pé mo ti kọ gbogbo èyí, mi ò sì tíì dáhùn ìbéèrè rẹ. Kí o dúró ni àbí kí o lọ, mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kí o dúró, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ kó wà nínú ẹbí. Mo fẹ́ kí o lọ, nítorí Ìbeṣe sún mọ́ mi, epo wà lọ́nà, mo sì lè rí ọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwọ náà rí i pé méjèèjì, èmi ni wọ́n dára fún. Ìwọ ni mi ò tíì gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, o ní, "Màmá, bí mo bá kúrò níbí..." o sì dákẹ́. Mo ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ̀kì ló já. Kò já. Mo ń gbọ́ adìyẹ ìyá onílé rẹ tó ń ké. Ẹ̀rù ohun tó kù bà mí, mo sáré bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Mo fẹ́ kí o parí rẹ̀ fún mi báyìí, ṣùgbọ́n àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ tẹ omi wò, nítorí náà jẹ́ kí n parí tèmi.

Bí o bá kúrò níbẹ̀, yóò dùn mí fún ìgbà díẹ̀, n ó sì se oúnjẹ dè ọ́. Bí o bá dúró, tí piríńsípà sì gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ, ojú á tì ọ́, wàá wá sílé, n ó sì se oúnjẹ dè ọ́. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo tì ọ́ sínú iṣẹ́ tíṣà tí kò wù ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, n ó sunkún díẹ̀, n ó sì dárí ji ara mi bó pẹ́ bó yá. Mo ti fi ẹnu mi sọ gbogbo rẹ̀ títí dé òpin, ilé ṣì dúró, bàbá rẹ ṣì ń hanrun nínú yàrá.

Ìyá onígààrí yóò sùn ní ọ̀dọ̀ yín kó tó padà. Kọ tìrẹ, kọ ọ́ kọjá kọ́mà, fi àmì ìdánudúró sí i, kí o fi rán an sí mi. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, n ó kà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí kò mọ̀, tó sì ń dúró.